Ìlà Ṣúgà Káfíńtà

Nígbà tí káfíńtà kọ́kọ́ rí i, orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Nọ́ọ̀sì náà ti rá wọ abẹ́ tábìlì ara rẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú, fìlà funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀, ó ń ki bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

"Aǹtí nọ́ọ̀sì, bébà kì í wo tábìlì sàn."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. "Ta lẹ mú wá gbàtọ́jú, ara yín àbí tábìlì?"

Ọjọ́ náà ló lẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, mọ́ káfíńtà lápá. Ẹ̀rọ náà yóò máa ka ṣúgà inú ara rẹ̀ tọ̀sántòru, yóò sì máa fà á ní ìlà sórí fóònù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n jọ wo ìlà náà. Ó ń fò sókè, ó ń já sílẹ̀, bí ewúrẹ́ tó ń sá fún òjò.

"Ṣebí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún mi ní ṣúgà mi dáa?"

"Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n pín in dọ́gba, ó bọ́ sí iye tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ tábìlì kan bá gùn jù, tí èkejì kúrú jù, ẹ ro gígùn wọn pọ̀, ẹ pín in dọ́gba, ó pé. Ṣé tábìlì ò ní mì?"

Kò sẹ́ni tó fi èdè iṣẹ́ káfíńtà sọ àìsàn fún un rí. Nígbà tó tún padà wá, ayùn ló gbé lọ́wọ́, ó sì gé ẹsẹ̀ tábìlì náà dọ́gba.

Kí ìlà lè tọ́ lójú ọmọbìnrin yìí, káfíńtà kò jẹun ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, òógùn tútù bò ó lórí àga níwájú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì sáré fún un ní omi ṣúgà.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Mo fẹ́ kí inú rẹ dùn ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí kọ̀ǹpútà, kò sì tẹ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà ni káfíńtà ti ń jẹun lásìkò. Ìlà rọlẹ̀, àfi òkìtì kékeré kan tí kì í yẹ̀.

"Kí lẹ máa ń jẹ ní aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀?"

"N kì í jẹ nǹkan kan. Àsìkò tí mo máa ń wọlé wá bá ọ nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà pa fáìlì dé. "Láti òní lọ, ọ̀gá mi ni yóò máa ka ìlà yín."

Káfíńtà dìde lórí àga. "Kí ni mo ṣe?"

"Kò yẹ kí aláìsàn mi máa wò mí báyìí. Bí ẹ kì í bá ṣe aláìsàn mi mọ́, ẹ máa wò mí lọ."

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, ìyá ọmọbìnrin náà ni kò gbà. Ṣúgà ló pa ọkọ rẹ̀: ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìwé àyẹ̀wò tó sọ pé ara rẹ̀ dáa ṣì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Opó kan tó nínú ilé yìí," ni ìyá wí.

Káfíńtà kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì fi ìlà òun sórí fóònù ìyá rẹ̀. "Ẹ máa wò ó fún oṣù mẹ́ta, Mà. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi dá mi lóhùn."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Kò pẹ́ tó fi ń pè é. "Káfíńtà, ìlà rẹ ń lọ sílẹ̀, gbé ayùn yẹn kalẹ̀!" "Káfíńtà, kí lo gbé mì lẹ́ẹ̀kan yẹn? Má purọ́ fún mi!"

Ní ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, káfíńtà ń di bọ́tìnnì aṣọ tuntun nígbà tí fóònù dún.

"Kí lo jẹ tí ìlà rẹ fi ń gòkè bí ẹni gun àkàbà?"

"N ò tíì jẹ nǹkan kan, Mà. Àyà mi ló ń já. Mo fẹ́ máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ yín."

Káfíńtà gbọ́ ẹ̀rín nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú fóònù.

"Máa bọ̀, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jókòó kó o jẹun. Mò ń wò ọ́ o."