Òwú Pupa Ara Wáyà

Ẹ̀wù funfun ni tíṣà kan tó ń jẹ́ Sanmí wọ̀ dé Adégbayì, ṣùgbọ́n èéfín ti sọ àyà rẹ̀ di dúdú. Ó gbé kọ́ńfátà tó jóná sínú ọ̀rá, ó nà án jìnnà sí ara bí ẹni gbé òkú eku. Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìbídùnní, tó ń tún sólà ṣe lẹ́bàá oríta, ó gbé e mì. Ọkùnrin náà wù ú lójú ẹsẹ̀.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé," Sanmí wí. Ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin adìẹ ìyá rẹ̀ ló ń lò ó. Àwọn tó ti ń tún un ṣe ní ọwọ́ ayé ni.

"Ayé kọ́, bátìrì yín ni."

Ìbídùnní ṣàlàyé fún un. Kọ́ńfátà ló ń dín iná sólà kù kó tó wọ bátìrì. Bí oòrùn bá wọ̀, tí sólà kò mú iná wá mọ́, iná inú bátìrì á yí padà, á gba ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà jáde nínú kọ́ńfátà wọlé, á sì sun ún. Ó fi dáódù sí ẹnu ọ̀nà náà, irin bíńtín tó ń jẹ́ kí iná lọ láì jẹ́ kó padà. Sanmí bá a dì í mú tó fi jó o pọ̀ mọ́ wáyà. Ìbídùnní fi téèpù dúdú wé e, ó sì so òwú pupa mọ́ ìhà tó gbọ́dọ̀ kọ sí bátìrì.

Kọ́ńfátà kò jó mọ́, síbẹ̀ Sanmí kò yé wá.

"Kí ló tún bàjẹ́, Tíṣà?"

"Èmi ni, Ìbídùn mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ti ara wọn. Kò pẹ́ tí ìyá Sanmí, ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ẹ̀gbẹ́dá, fi gbọ́ pé Òrìṣàdìpẹ̀, abọ̀rìṣà ará Erúnmu, ló bí Ìbídùnní. Ó lọ yẹ wáyà ilé rẹ̀ wò. Ó rí nǹkan dúdú tí wọ́n fi òwú pupa dì, ó ní ọmọ abọ̀rìṣà ti so oògùn mọ́ ilé òun. Ó gé e kúrò, ó ní kí wọ́n so wáyà pọ̀. Oòrùn wọ̀, kọ́ńfátà gbiná, ẹ̀rọ tutù, igba ẹyin tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n pamọ sì kú síkùn ẹ̀rọ.

Ìbídùnní lọ bá wọn kẹ́dùn. Níwájú àwọn ìyá ìjọ ni ìyá náà ti ní oògùn yẹn ló bínú. Ìbídùnní ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́.

"Ẹ bi Sanmí, Mà. Ó mọ̀ ọ́n."

Sanmí wo ilẹ̀. Wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ti Sanmí kọ́ ló bá a dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ti Ìbídùnní ni. Ọkùnrin náà ṣojo, ó sì dun ọmọbìnrin náà ju èébú lọ.

Odindi oṣù mẹ́ta ni Sanmí fi ń bẹ̀ ẹ́. Ìbídùnní ní kó lọ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Sanmí dìde níwájú àwọn ìyá yẹn kan náà, ó ní òwú àmì ni, kì í ṣe oògùn, òun mọ̀, ẹ̀rù ìyá òun ló pa òun lẹ́nu mọ́. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Títí dòní, kò tíì pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Sanmí kó ẹrù wá sí Adégbayì.

"Ṣé wàá fẹ́ mi báyìí?"

Ìbídùnní sunkún kó tó dáhùn. Ìfẹ́ rẹ̀ kò dín rárá, ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn.

"Màá fẹ́ ọ. Ìdáríjì ni mi ò tíì rí fún ọ."

"Màá dúró dè é."

Ìbídùnní na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.