Irun Inú Páìpù

Irun ló kọ́kọ́ jáde.

Kingsley, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá iwájú, da omi sí ilé ìyàgbẹ́. Kò lọ. Ó tún da omíràn. Omi náà hó, ó ru sókè, ó sì pọ irun dúdú jáde, irun gígùn tó lọ́ mọ́ra bí okùn. Kingsley bì sí ara aṣọ rẹ̀.

"Lándílọ́ọ̀dù! Ẹ wá wo nǹkan!"

Ẹnìtàn wá. Ó wo irun náà.

"Àwọn ọmọbìnrin yín ló ń ju irun àtáṣímẹ́ǹtì síbẹ̀."

"Àtáṣímẹ́ǹtì wo ló ń hu ewú, sà?"

Ẹnìtàn tún wò ó. Ewú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó mọ orí tó ni ewú náà.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kadà ló ń gùn ní Àgọ́-Ìwòyè. Lójijì ló kọ́ ilé alájà méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní àkókò kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́tọ́lá, di àwátì. Ẹnìtàn sọ fún ìyá wọn pé ó ti lọ sí Líbíyà. Ìyá kúrò ní Òde-Omi, ìlú wọn létí òkun, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè tètè gbọ́ ìròyìn ọmọ. Yàrá ẹ̀yìn ni Ẹnìtàn fún un. Láràárọ̀, ìyá yìí á sá edé sí orí ọmọrí sókàwéè, kòtò kòǹkéré tí gbogbo ìgbẹ́ ilé ń ṣàn sí. Á jókòó tì í. Á máa gbàdúrà kí Ọlọ́run mú Ọmọ́tọ́lá bọ̀ láyọ̀.

Ẹnìtàn máa ń gbọ́ àdúrà náà láti ojú fèrèsé. Ó máa ń pa fèrèsé dé.

Ibi tó ti rí owó ilé náà ni yàrá kan nínú oko kòkó lẹ́yìn ìlú Awa. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ilẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Oníṣègùn kan jókòó nínú òkùnkùn, ó ń rin orín.

"Ewúrẹ́ ni mo mú wá, Bàbá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ewúrẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà ni?"

Ẹnìtàn fa okùn ewúrẹ́ náà mọ́ra.

"Mo bi ọ́. Ta ló tọ́ ọ dàgbà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ta ẹja yíyan, ó fi rán mi níléèwé."

"Tí o bá pè é, ṣé yóò wá?"

"Yóò wá."

"Kò ní bi ọ́ pé kí ló dé?"

"Kò bi mí rí."

Oníṣègùn náà tu orín sílẹ̀. "Ọmọ dáadáa. Pè é."

Ọmọ́tọ́lá wá. Ó rò pé àbúrò òun fẹ́ fi ilẹ̀ tó fẹ́ rà han òun ni. Ó gbé ẹja yíyan lọ́wọ́ fún àgbà tó ni ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i. Kò dìde mọ́. Àdá ni, Ẹnìtàn ló sì di èjìká rẹ̀ mú.

Oníṣègùn náà gbé orí Ọmọ́tọ́lá sínú ìkòkò, ó fi aṣọ dúdú di ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ọfọ̀:

"Ẹnìkan kì í ránṣẹ́ pe eṣinṣin sí ẹ̀gbin. Bí eṣinṣin ṣe ń wá ẹ̀gbin, bẹ́ẹ̀ ni kí owó máa wá Ẹnìtàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣu lé ọ lórí, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa gbé e ga."

Ó gbé ìkòkò náà lé Ẹnìtàn lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná.

"Inú sókàwéè ilé tó o fẹ́ kọ́ ni kó o gbé e sí, kí èrò máa yàgbẹ́ sí i lójoojúmọ́. Má jẹ́ kí oòrùn rí ojú rẹ̀. Tí oòrùn bá rí i, ojú náà á rí ọ."

Nígbà tí irun jáde, Ẹnìtàn pe oníṣègùn náà lórí fóònù. Ó sọ ọ́ fún un.

"Irun?" Ọkùnrin náà ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ̀ le nìyẹn. Ó ń dàgbà." Ó pa fóònù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n pe Fáìzàh láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò sókàwéè. Ẹnìtàn dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Ilé mi ni. Mi ò ní kí wọ́n ṣí i."

"Ilé yín, ìgbẹ́ wa, sà," ni Kingsley wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ẹnìtàn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá ti lọ sọ́jà. Fáìzàh kó edé rẹ̀ sí apá kan, wọ́n ṣí ọmọrí. Ọkọ̀ táńkà fa omi inú rẹ̀ tán, ó ku ẹrẹ̀ ìgbẹ́ tó ki. Fáìzàh ti ọ̀pá onírin bọ páìpù, ó sì fa irun jáde. Irun kò tán. Ó fà, ó fà, ó kó o jọ sórí búlọ́ọ̀kù. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì wo inú kòtò.

"Ìkòkò kan wà lábẹ́ ẹnu páìpù. Inú rẹ̀ ni irun ti ń wá."

Fáìzàh pa iná tọ́ọ̀ṣì, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ìbòmú onáfẹ́fẹ́ àti okùn wá. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ o! Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pa èèyàn. Orúnkún ló kọ́kọ́ máa ń pa."

Ó lọ. Ọkọ̀ táńkà lọ. Ẹnìtàn lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lẹ́yìnkùlé, ó di áńkáṣífù mọ́ imú, ó ki àkàbà bọ inú kòtò, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹrẹ̀ náà mu ún dé itan. Ó gbóná. Irun wà nínú rẹ̀, ó ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó já ìkòkò náà kúrò, ó gbé e mọ́ àyà. Oòrùn ọ̀sán wà ní ọ̀gangan orí. Aṣọ dúdú náà ti jẹrà, ó yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Oòrùn rí i.

Ojú Ọmọ́tọ́lá là. Kò tíì jẹrà. Ó ń wo Ẹnìtàn bó ṣe máa ń wò ó tó bá ti iléèwé dé, tó ń wádìí bóyá ó ti jẹun.

Ẹnìtàn ké. Afẹ́fẹ́ kòtò rọ́ wọ inú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

Òjìji kan bọ́ sí ẹnu kòtò. Ìyá rẹ̀ ni, ó ti ọjà dé. Irun orí búlọ́ọ̀kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn àwọ̀n ẹja aláwọ̀ búlúù wà nídìí irun náà.

"Ẹnìtàn. Èmi ni mo kó irun yìí. Òwú dúdú tán, mo fi okùn àwọ̀n parí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ dà?"

"Màámi, ẹ fà mí."

"Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ dà?"

Ahọ́n rẹ̀ ti wú. "Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e fún mi."

Ó fi agbára tó kù gbé e sókè. Ìyá gbà á. Ẹnìtàn na ọwọ́ sí àkàbà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Fáìzàh àti Kingsley sáré dé. Kingsley fẹ́ bẹ́ wọlé, Fáìzàh gbá a mú lọ́rùn aṣọ. "Ṣé o fẹ́ kú ni?" Ó ń tú okùn. "Màmá! Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù! Ẹ sọ ìkòkò yẹn sílẹ̀, ẹ na ọwọ́ sí i!"

"Màámi," ni Ẹnìtàn wí. Ẹrẹ̀ ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Irun ti dé ọrùn rẹ̀.

"Ọwọ́ mi kún, Ẹnìtàn."

Ẹnu rẹ̀ ṣí láti tún pè é. Ẹrẹ̀ wọ ẹnu náà. Lẹ́yìn èyí, ìka ọwọ́ nìkan ló kù, lẹ́yìn náà, kò sí ìka.

Ìyá kò wo kòtò mọ́. Ó jókòó sórí ọmọrí kòǹkéré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ edé rẹ̀, ó gbé ìkòkò lé itan. Ó fi ìborùn nu ojú ọmọ rẹ̀. Ojú náà ti pa dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí tú irun náà, díẹ̀díẹ̀, kó má baà dun ọmọ.