Oyèdèjì Oníṣòwò Pákó àti Ìfúnpá Méjì

Ní ọdún 1956, ta ni kò mọ Oyèdèjì oníṣòwò pákó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́? Ó lówó, ó lẹ́nu, kò sì ka ẹnikẹ́ni sí. Bí wọ́n bá pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín, yóò ká apá agbádá sókè, yóò sì fi ìfúnpá awọ tó wà ní apá òsì rẹ̀ hàn wọ́n.

"Èyí ló di ẹ̀mí mi mú," ni yóò wí.

Ní ọjọ́ kan, ó fi lọ́rì kó pákó lọ fún Simon káfíńtà, onígbàgbọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n ti ń já ẹrù, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bí ẹni pé wọ́n gbé igi lé e. Òógùn tútù bò ó, ó sì ṣubú. Simon àti awakọ̀ gbé e padà sínú lọ́rì náà, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì.

Ẹ̀rù kò tilẹ̀ bà á. Kò sunkún, kò pe ìyàwó, kò pe ọmọ. Ó kàn ń wo òrùlé ni. Ara rẹ̀ tutù, gbogbo nǹkan sì jìnnà sí i.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ tú ìfúnpá náà kó lè wọn agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n wá wé aṣọ òṣùwọ̀n mọ́ apá ọ̀tún, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fún mọ́ ọn lápá. Àṣé ọkùnrin yìí rò pé ìfúnpá òyìnbó nìyẹn! Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ tú u, ó dì í mú.

"Ẹ má tú u," ni ó wí fún dókítà òyìnbó, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. "Tiyín lágbára ju tèmi lọ."

Dókítà jókòó tì í. "Bàbá, èyí kì í ṣe ìfúnpá, a kàn fi ń wọn agbára ẹ̀jẹ̀ ni. Apá kan nínú ọkàn yín ti kú, ìyókù kò lágbára láti máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ní ìlú wa, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gba iṣẹ́ ọkàn ṣe fúngbà díẹ̀, tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ. A kò ní in níhìn-ín. Lọ́hùn-ún pàápàá, wọn kò tíì mọ bí wọn yóò ṣe fi gbé irú àìsàn yín ró. Oògùn tí ń kán sínú iṣan yín yìí nìkan la ní."

Oyèdèjì yíjú sí Simon. "Ta ló wá di ẹ̀mí mi mú?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe awọ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọlọ́run tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Jésù Ọmọ rẹ̀ kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ẹ ké pè é."

"N ò mọ nǹkan kan lára, Simon. N ò lè sunkún bí ẹ ṣe ń sun ún ní ṣọ́ọ̀ṣì yín."

"Kò béèrè omijé. Bí ó ti rí gan-an ni kí ẹ sọ fún un."

Oyèdèjì na apá òsì tí ìfúnpá awọ wà. "Gé e kúrò."

Simon gé e. Ọkùnrin náà wí pé, "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. N ò mọ nǹkan kan lára. Gbà mí." Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ara rẹ̀ kò sì yá gágá. Ó kàn sùn ni.

Ó padà sílé, oṣù méje péré ló sì tún lò láyé. Kò lè gbé pákó mọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ gbogbo àwọn tó ti fi rẹ́rìn-ín, ilé kan sí èkejì, ó sì kú ní àlàáfíà.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ọkàn rẹ ń lù báyìí, ìwọ kọ́ lò ń lù ú. Bóyá ìwàásù kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lára mọ́. Má dúró di ìgbà tí yóò wọ̀ ọ́ lára. Sọ fún Jésù pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́, kí o sì sọ ọ́ lónìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀. Oyèdèjì rí oṣù méje gbà. Ta ló ṣèlérí ọjọ́ méje fún ọ?