Àlàfo Orí Páìpù

Àtẹ́lẹ̀ bàtà rọ́bà méjì ni ọmọbìnrin ẹnjiníà kan kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ síta lẹ́nu páìpù ńlá tí odò ń gbà kọjá lábẹ́ títì, ó sì rò pé òkú ni. Kò tíì pariwo tí ọkùnrin kan fi fàyà fà jáde, ẹrẹ̀ dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹnjiníà. Ẹ má sá, ààyè ni mí."

"Ta ló ń sá?" Ọmọbìnrin náà sì ti fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Kíkó ẹrẹ̀ inú páìpù ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí, Alẹ́rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Iṣẹ́ ti ọmọbìnrin náà ni láti ya odò sínú kọ̀ǹpútà, kó fi mọ ibi tí omi yóò dé bí òjò bá le. Alẹ́rẹ̀ gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà wọnú páìpù, ó ń ké ìwọ̀n jáde. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin náà nílò. Mẹ́sàn-án ló gbà. Ìfẹ́ ò kúkú nítìjú.

Lóṣù kejì, Alẹ́rẹ̀ jókòó tì í lọ́fíìsì, ó ń wo páìpù náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ìfẹ́ mi, ihò wo lèyí lórí ẹ̀? Ọdún kẹfà rèé tí mò ń wọ ibẹ̀, kò síhò kankan."

"Irọ́ tí àwa ẹnjiníà jọ fọwọ́ sí ni," ó ń rẹ́rìn-ín. "Bómi bá kún páìpù dé òrùlé, kọ̀ǹpútà ò mọ bó ṣe máa ṣírò ẹ̀ mọ́. La bá ya àlàfo sórí ẹ̀, kómi ríbi yọrí. Ó kàn gbọ́dọ̀ tín-ín-rín bí okùn ni."

"Èyí fẹ̀ tó ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Omi tó yẹ kó ya wọ ilé mẹ́rìnlá tó wà lápá òkè páìpù ló ń fara pamọ́ sínú ihò tí kò sí. Ó dín àlàfo náà kù, títì àtilé sì rì nínú kọ̀ǹpútà lójú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ya àlàfo náà lógún ọdún sẹ́yìn kò jìnnà: bàbá rẹ̀ ni, ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà, ẹni tó ti búra pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tó ń kó ẹrẹ̀.

Bàbá gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn. "Fi àlàfo yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, mà á sì fún ọ lọ́kọ tó o fẹ́."

Ọmọbìnrin náà sunkún dé ọ̀dọ̀ Alẹ́rẹ̀, nítorí ó fẹ́ ẹ gidigidi.

"Mo mọ àwọn ará ilé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan," Alẹ́rẹ̀ ní. "Ṣé kí n máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tá a filé wọn rà? Kọ ọ́ bó ṣe rí, ayọ̀ mi. Bí Bàbá ò bá fi ẹ́ fún mi, fúnra ẹ ni kó o fara ẹ fún mi. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù kọ́. Aṣọ tí mo máa wọ̀ ni mò ń rò."

Ó kọ àbọ̀ ìwádìí náà bó ṣe rí, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó kà á síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Bàbá dìde, ó jáde. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ páìpù kejì.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, àga bàbá ìyàwó ṣófo. Akọ̀wé ti ń wá bírò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ló wọlé, ó wọ kóòtù dáadáa, ẹrẹ̀ dé itan.

"Mo wọnú páìpù yẹn láàárọ̀ yìí," ó ní. "Ogún ọdún tí mo ti yà á, n ò débẹ̀ rí. Mo fọwọ́ tọ òrùlé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí àlàfo kankan."

Alẹ́rẹ̀ fa àga náà fún un. "Ẹ jókòó, Bàbá wa. Ẹ̀yìn máa ń ro èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Bàbá gba bírò, ó fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyàwó ò jẹ́ kí akọ̀wé nu ẹrẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Bàbá.