Dísíìkì Tí Zapryan Nù

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yìí fẹ́ sọ mí darúgbó! Mo tàn án, mo po kọfí, mo mu ún tán, kò tíì jí!"

Bí Ralitsa ṣe kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí Zapryan ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Plovdiv nìyẹn. Zapryan wojú ẹ̀, iṣẹ́ fò lọ lórí ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa sùn," ló bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Ká lè jọ máa mu kọfí náà."

Ralitsa bú sẹ́rìn-ín. Germany ló dàgbà sí. Ikú bàbá ẹ̀ ló gbé e wálé. Láìpẹ́, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lórí.

Ìyá Zapryan nìkan ló yarí. "Ọmọ tó ń mi orí sódì! Mo ní ṣé á jẹun, ó mi orí sókè sódò bí ẹni tó kọ̀. Mo gbé abọ́ kúrò, ló bá ń wò mí bí olè! Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ jẹun, ṣebí sọ́tùn-ún sósì ló ń mi orí!"

Zapryan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ó ra dísíìkì tuntun, irú èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Kò tóbi, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà nìkan ló gbà. Ó fi í sínú kọ̀ǹpútà Ralitsa, ó tẹ bọ́tìnì. Dísíìkì àtijọ́ ló tún jí!

"Ọlọ̀tẹ̀! O ò fẹ́ fi oyè sílẹ̀?" ló sọ fún dísíìkì náà.

Ó wọ ibi ètò inú ẹ̀rọ, ó fi tuntun ṣíwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ti ṣí kí Ralitsa tó jókòó. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń jó.

Fóònù Ralitsa dún, àbúrò ẹ̀ ni.

"Àyànfẹ́, nǹkan ṣì kù lórí ti àtijọ́. Ṣé kí n nù ún mọ́?" Zapryan bi í.

Ralitsa ń sọ̀rọ̀ lọ lórí fóònù, ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Zapryan, ọmọ Plovdiv, tẹ bọ́tìnì, ó nù ún.

Nígbà tí Ralitsa parí ìpè, ó ní, "Wá gbóhùn bàbá mi. Ó ti gba ìkíni sílẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó mi lórí ibùsùn àìsàn; orí dísíìkì àtijọ́ ló wà."

Zapryan yíjú sí i. "O... o mi orí."

"Rárá ni mo mì!"

Zapryan wá ohùn náà títí lórí dísíìkì, kò rí nǹkan kan. Òun tó fi ìyá ẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun gan-an ni kò lè dúró kó gbọ́ èsì látẹnu Ralitsa.

Lọ́jọ́ tí Ralitsa fẹ́ padà sí Germany, ìyá Zapryan ló sáré dé ibùdókọ̀, ó gbé bánítsà gbígbóná, àkàrà oníwàràkàṣì wọn, dání, ó ń sunkún. "Ọmọ mi, orí tó bá wù ẹ́ ni kó o mì, ṣáà dúró!"

Ralitsa dì mọ́ ọn, ó gba bánítsà náà. "Mo ti dárí jì í, Màmá."

"Kí ló dé tó o wá ń lọ?"

Ralitsa gbé àpò ẹ̀. Zapryan sún mọ́ ọn. "Ṣé mo lè máa pè ẹ́?"

"Má pè mí, ọkàn mi. Kọ̀wé sí mi. Tí mo bá gbóhùn rẹ, ohùn bàbá mi tí kò sí mọ́ ni màá máa wá nínú ẹ̀."

Ralitsa gòkè sínú ọkọ̀. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn. Zapryan la ẹnu láti pe orúkọ ẹ̀, ó sì pa á dé.