Ẹni Tó Ń Sáré Bọ̀ Lẹ́yìn Mi

Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Ṣókí kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i. Ó dúró lórí ìlà funfun nínú pápá ìṣeré kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn bí kóòṣì ṣe kọ́ ọ, ó ń dúró de ọmọkùnrin kan tí kò rí rí. Wọ́n ní kó má wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn. Ọkùnrin gíga kan ló yọ ní kọ́nà bí ìjì, òógùn ń dán lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jọ pé ó ń kan ilẹ̀. Ìyanu mú Ṣókí, ó gbàgbé pé ó yẹ kóun náà sáré. Kó tó mọ̀, ọkùnrin náà ti kọ lù ú, àwọn méjèèjì ti di ẹrù kan ṣoṣo nínú eruku.

"Ṣé bó o ṣe máa ń kí èèyàn nìyí?" ni Ṣókí béèrè, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹni tó bá dúró bí òpó sójú ọ̀nà mi ni mo máa ń kí báyìí." Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó fà á dìde.

Títí dòní, bí àwọn tó jọ sáré lọ́dún náà bá péjọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, wọn a sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí Ṣókí rí lẹ́yìn ìṣubú náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkùnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà rẹ̀, ó dúró gbagidi. Ètè rẹ̀ funfun. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì padà sójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura àfi Ṣókí, nítorí ó ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lórí àyà rí. Bàbá rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, nígbà tí Ṣókí ṣì kéré. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ òun ni. Wọn ò tíì palẹ̀ abọ́ mọ́ tó fi kú.

Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Kóòṣì, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ le ju fèrè ọrùn rẹ̀ lọ, ti kó ẹni mẹ́rin jọ fún eré ìje tí wọ́n ń pín sá, tí ẹni tó bá sá tirẹ̀ tán á fi ọ̀pá lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀, aláwàdà inú wọn, ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń fún Ẹ̀fúùfù, Ẹ̀fúùfù ń fún Ṣókí, Ṣókí sì ń fún ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, nítorí pé gbogbo wọn ló máa ń bá wí.

"Má wojú mi," ni Ẹ̀fúùfù máa ń sọ fún Ṣókí. "Ohùn mi ni kó o gbọ́. Bí mo bá ti ní 'gbà', mo ti dé."

"Bó ò bá wá dé ńkọ́?"

"Màá dé."

Lẹ́yìn ìdánrawò, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta lẹ́bàá pápá, Ẹ̀fúùfù á máa bó ọsàn fún un. Ọmọ onígbàjámọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ọ̀bẹ. Èèpo ọsàn kì í já títí tó fi máa bó o tán. Lọ́jọ́ kan, Ṣókí rí i tó tún fọwọ́ tẹ àyà.

"Kí ló ń ṣe ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ ni. O ò jẹ́ kó sinmi."

Ṣókí rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì yọ́ bí òrí àmọ́. Ìfẹ́ ti wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bá a wọlé, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé àyà kan náà. Ní gbogbo ìgbà tó bá na ọwọ́ sẹ́yìn lórí ìlà, kì í ṣe ọ̀pá ló ń retí mọ́. Ó ń retí kí ìró ẹsẹ̀ náà má dákẹ́ lójijì.

Ó dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kì í ṣe nínú pápá. Wọ́n jọ ń gòkè lọ sí yàrá ìkàwé, Ẹ̀fúùfù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà já lẹ́nu rẹ̀, ó ṣubú. Ṣókí gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é. Ó dà bíi pé tábìlì oúnjẹ ọjọ́sí tún wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀fúùfù lajú, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Mo fẹ́ sá eré àṣekágbá. Bí a bá ti parí ẹ̀, màá lọ rí dókítà."

"Kí ló wà nínú eré yẹn tó ju ẹ̀mí rẹ lọ?"

Ẹ̀fúùfù dìde jókòó. "Láti ọjọ́ tí màámi ti kú, bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nílé. 'Káàárọ̀', 'ó dàárọ̀', ó tán. Àmọ́ tí mo bá ń sáré, á ti ṣọ́ọ̀bù, á wá dúró létí fẹ́ǹsì, á máa kígbe bí ọmọdé. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ṣókí gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì dà nínú rẹ̀. Oúnjẹ di kíkorò. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wò ó títí lọ́jọ́ kan, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"O ti rù bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn?"

Ṣókí tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin, ó ń fi ìka pa etí aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀.

"Ọmọ mi, fi í sílẹ̀."

"Màámi, mo fẹ́ràn ẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn bàbá rẹ. Mi ò ní sin ọkọ tèmi tán, kí n tún wá bá ọ sin tìrẹ. Ara mi ò lè gbà á."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú eré àṣekágbá, ẹsẹ̀ Ṣókí gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, òun lè pàdánù ìfẹ́ òun; bí òun bá pa á dé, òun lè pàdánù ẹni náà fúnra rẹ̀. Bàbá Ẹ̀fúùfù ń gbálẹ̀ irun. Ṣókí kúnlẹ̀ kí i, ó sọ gbogbo ohun tó rí fún un.

Ọkùnrin náà fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó kọjú sí dígí.

"Mo ti ń rí i," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ìyá ẹ̀ ti lọ. Òun nìkan ló kù mí kù. Ẹ̀rù bà mí láti bi í, kó má lọ dá mi lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú kóòṣì àti gbogbo ẹgbẹ́, bàbá náà wọ inú pápá, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní ọsibítù ló kàn. Ẹ̀fúùfù wo bàbá rẹ̀, ó wo Ṣókí, ó sì yé e.

"O tà mí," ló sọ. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ẹlòmíì ló sáré dípò rẹ̀. Ohùn àjèjì ló ní "gbà" lẹ́yìn Ṣókí, Ṣókí gbà á, ó sáré bí ẹni tí ikú ń lé, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹgbẹ́ wọn wà. Ìyá Àgbà ló bá Ṣókí tú bàtà, ó ní, "Máa lọ. A mọ ibi tó o fẹ́ lọ."

Dókítà ti ṣàlàyé fún bàbá náà pé iṣan kékeré kan wà nínú ọkàn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣi ìlù rẹ̀ lù. Wọ́n máa ki wáyà tín-ín-rín gba inú iṣan itan rẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n á jó o. Bó bá sá eré yẹn ni, dókítà ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ì bá dìde mọ́. Nígbà tí Ṣókí yọjú sí yàrá, Ẹ̀fúùfù kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Ṣókí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn funfun tí wọ́n gbé e gbà. Nígbàkigbà tí nọ́ọ̀sì bá jáde, á dìde dúró.

Ẹnì kan jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ ni.

"Màámi, ẹ ní kí n fi í sílẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo mọ bí àga ọsibítù ṣe ń le tó fún ẹni tó dá jókòó." Ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò jù ú sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí dókítà sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n ní Ẹ̀fúùfù ní kí Ṣókí wọlé. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa oníbàárà kan tí orí rẹ̀ rí gbọ̀ngbọ̀n, kò dákẹ́ títí tó fi jáde fún wọn.

"Láti ìgbà tí mo ti jí ló ti ń sọ̀rọ̀," Ẹ̀fúùfù sọ, ojú rẹ̀ ti rin. "Mi ò mọ̀ pé ó lọ́rọ̀ tó báyìí nínú."

"Ṣó o ṣì ń bínú sí mi?"

"Mo ń bínú. Sún mọ́ mi, kí n máa bínú sí ẹ níbí."

Ẹ̀fúùfù ò díje mọ́. Òun àti kóòṣì ló wá ń kọ́ àwọn tuntun. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yára rọrùn fún ìyá Ṣókí. Ó lọ bi dókítà léèrè fúnra rẹ̀, ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ. Dókítà ní ara ọmọkùnrin náà ti yá, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ ọ̀la fún ẹnikẹ́ni. Ìyá náà mú ìyẹn lọ sílé, ó rò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Ẹ̀fúùfù.

"Ohun kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Bí ara bá ń ni ọ́, ta lo máa sọ fún?"

"Ọmọ yín, Mà. Kò ní di ọ̀la."

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ìgbéyàwó wọn, yàrá ìránṣọ náà kún fọ́fọ́. Ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀ ń fi ara ṣàpèjúwe bí Ṣókí ṣe dúró bí òpó. Ìyá Àgbà ń bá a wí pé kó má tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Kóòṣì àti onígbàjámọ̀ ń jiyàn lórí ẹni tó ń kígbe jù lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ṣókí dúró sórí àpótí láàárín wọn, ìyá rẹ̀ ń gán etí aṣọ funfun náà.

Ẹ̀fúùfù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "O dákẹ́."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí," ni Ṣókí sọ wẹ́lẹ́. "Mo rò pé á ti lọ kó tó dòní."

"Èmi náà, ó ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni." Ó fi ìka rẹ̀ há ìka Ṣókí. "Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù ẹ̀."

Ìyá Ṣókí fi eyín gé òwú, kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró jẹ́ẹ́," ló sọ. "Ó kù díẹ̀ kí n parí."