Àwáwù Ti Ṣèlérí Òkè Adó

Àpọ́nlé ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń ta òwú gbọọrọ sínú agboolé, tí wọ́n á so ìdí ẹ̀ mọ́ pákó tí wọ́n gbé òkúta lé, tí pákó yẹn á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Àpọ́nlé rí i, ó ní mọ́tò ni. Ló bá lọ jókòó lórí òkúta.

Òwú já, pá pá pá!

"Yéè! Ta ló ni ọmọ yìí?" Adégbénró fò dìde nídìí òfì.

Àwáwù, ìyá ẹ̀, sáré dé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Komu la ti wá o, Àpọ́nlé ò rí irú ẹ̀ rí."

Ọkùnrin yìí wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Ó dáa, Ìyá Àpọ́nlé, ẹ wá bá mi so ó."

Bí wọ́n ṣe jókòó ti ara wọn nìyẹn o. Ọdún kejì lẹ́yìn Fẹ́sítáàkì ni. Ibẹ̀ ni Àwáwù ti sọ pé ọkọ òun ti kú, òun sì ti ṣèlérí fáwọn ọmọ òun méjèèjì pé lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwọn á gun Òkè Adó, àwọn á lọ wo omi adágún tó wà lórí ẹ̀.

"Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ hun aṣọ tó jọ omi yẹn. Èmi fúnra mi."

"Lórí òfì ọkùnrin? Kíjìpá lẹ̀yin obìnrin ń hun nínú ilé."

"Ṣé òfì yín ń bi èèyàn ní ọkùnrin tàbí obìnrin kó tó jókòó ni?"

Adégbénró rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwáwù tún wá, ó sún fún un nídìí òfì. Ó ń kọ́ ọ, ó ń wo ojú ẹ̀, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára.

Wàhálà wá dé. Ìyá Àríyọ̀, ẹ̀gbọ́n Adégbénró obìnrin, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e.

"Abiyamọ tó ń kó ọmọ gun òkè bí ewúrẹ́! Tó bá máa wọlé wa, kó jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí òkè, kò sí òfì."

Ó dun Àwáwù wọra. "Mo fẹ́ràn yín, ẹ̀mí mi," ó sọ fún Adégbénró, omi ń dà lójú ẹ̀. "Àmọ́ àwọn ọmọ yìí ò ní bàbá tó máa mú wọn jáde. Tí mo bá tún yẹ àdéhùn, ta ni wọ́n á gbà gbọ́?"

Ó kó àwọn ọmọ ẹ̀, ó padà sí Komu.

Nígbà tó dọjọ́ kejì Iléyá, wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́lẹ́kájà nísàlẹ̀ Òkè Adó. Ta ni wọ́n rí? Adégbénró! Ìyá Àríyọ̀ dúró tì í, ó fajú ro.

"Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá wo ohun tí wọ́n ń kọ̀," Adégbénró wí.

Ni wọ́n bá ń gùn ún. "Ẹ fẹ́ pa mí! Ẹsẹ̀ mi o!" Ìyá Àríyọ̀ ò dákẹ́. Àpọ́nlé bá di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ẹ rọra, Màmá. Ẹ má wo ìsàlẹ̀."

Wọ́n dé òkè. Omi rèé lórí àpáta, ó dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ojú ọ̀run wà nínú ẹ̀. Ìyá Àríyọ̀ tú gèlè, ó jókòó.

"Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa omi yìí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó mú mi wá rí."

Ó yíjú sí Àwáwù. "Àwọ̀ wo lo máa fi hun ún?"

Àwáwù sún mọ́ ọn. "Búlúù ni, mà. Pẹ̀lú funfun díẹ̀."

"Fi àwọ̀ ewé sí i. Ṣé o ò rí ewé létí ẹ̀ ni?"

Aṣọ tí Àwáwù fọwọ́ ara ẹ̀ hun ló ró lọ́jọ́ tí òun àti Adégbénró so yìgì. Etí ẹ̀ wọ́ díẹ̀, inú Àwáwù ò dùn sí i, àfi ìgbà tí Adégbénró sọ sí i létí pé, "Olólùfẹ́ mi, ṣé etí omi yẹn náà tọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi orí lé e léjìká.

Àpọ́nlé wá bá wọn. "Bàbá, òkè wo ló kàn?"

Kí Adégbénró tó lanu, Ìyá Àríyọ̀ ti dáhùn láti ìdí oúnjẹ: "Wọ́n ní òkè wà ní Ṣakí."